Amí Tí Wọ́n Gún Iyán Fún

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wa níhìn-ín. Ẹ ní láti ìgbà tí mo ti Èkìtì dé ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti yí padà, pé ó dájú pé wọ́n fún mi ní nǹkan jẹ lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni. Wọ́n fún mi ní nǹkan jẹ. Iyán ni. Wọ́n fún mi lọ́sàn-án, wọ́n fún mi lálẹ́, nígbà tí mo sì ní mo ti yó, wọ́n bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí nínú ilé.

Kí ẹ tó bá mi parí ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo rin ìrìn náà sọ ọ́.

Múfú àbúrò mi ló rán mi. Rófíà ọmọ rẹ̀ mú ọkọ wálé, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dáre, ará Adó-Èkìtì, ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ tíṣà méjì. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún wa títí iyanrìn fi lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ìyẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù. Múfú ní ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó ń fi àyà bò mọ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ sí ìlú wọn, kí n fi ọgbọ́n wádìí ìdílé náà: ṣé wọn kì í ya wèrè, ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í na ìyàwó. Àṣà wa ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ìròyìn mi bá dára, yóò fún wọn lọ́mọ. Bí kò bá dára, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun tí Múfú kò mọ̀ ni pé mo ti dájọ́ kí n tó wọ ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìyá Rófíà ti kú, ẹ̀yìn mi ni ọmọ náà wà. Èmi kò bí. Òun ni mo pọ̀n, òun ni mo rán lọ síléèwé, òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ti ọjà dé. Kí ẹnì kan wá gbé e lọ sórí òkè lọ́hùn-ún? Àbùkù ni mo ń wá lọ. Bí n kò bá sì rí i, mo ti múra tán láti rán ọ̀kan fún wọn bí ẹni ń rán aṣọ.

Ilẹ̀ Tó Dìde Dúró

Ẹni tí a bí sétí ọ̀sà kò mọ̀ pé ilẹ̀ lè dìde. Nígbà tí a kọjá Àkúrẹ́, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí àwọn àgbà tí wọn kò fẹ́ kí a kí àwọn. Ní Ìkẹ́rẹ́, mo rí àpáta kan tó ga ju ohunkóhun tí mo rí rí lọ. Ilé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sá aṣọ, wọ́n ń ta búrẹ́dì, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lókè orí wọn.

Mo bi obìnrin tó jókòó tì mí pé ṣé ẹ̀rù kì í bà wọ́n pé kó má yí lulẹ̀.

Ó wò mí tán, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lójú omi ńkọ́?"

N kò tíì sọ ibi tí mo ti wá fún un. Ahọ́n mi ló bá mi sọ ọ́. Mo pa ẹnu mi mọ́ títí a fi wọ Adó, nítorí amí tí ahọ́n rẹ̀ ń tú àṣírí rẹ̀, ó yẹ kó padà sílé.

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Adébáyọ̀ ni ọkọ̀ já wa sí. Ní Èkó, bí o bá bi ènìyàn lọ́nà, yóò nawọ́, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí mo bi ní Adébáyọ̀ gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi mí pé ibo ni mo ti wá, pé ta ni mo mọ̀ níhìn-ín, pé ṣé ọ̀nà dára, pé ṣé mo ti jẹun. Ó tó kí n máa rò pé ọlọ́pàá ni. Nígbà tí mo ní Ọjà Ọba ni mò ń lọ, ó bá mi dá ọkọ̀ dúró, ó wá kìlọ̀ fún awakọ̀ náà bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló ń fà lé e lọ́wọ́. Lọ́kàn mi, mo ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí mà ń yọjú sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ o. Mo fi í sínú àpò àbùkù.

Ìyá Onírú

Ètò mi rọrùn. N ó ṣe bí ẹni tó wá ra ìrẹsì Ìgbẹmọ, n ó jókòó ti àwọn ọlọ́jà, n ó sì jẹ́ kí ẹnu wọn ṣiṣẹ́ fún mi. Kò sí ọjà tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Dáre ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé Ìgbẹmọ ni wọ́n bí ìyá bàbá òun sí, pé àwọn ará ilé ìyá náà ṣì ń dáko ìrẹsì níbẹ̀. Orí ìyẹn ni mo kọ́ irọ́ mi lé.

Mo jókòó ti obìnrin kan tó ń ta irú, mo kí i dáadáa, mo sì ní, "Wọ́n ní pírínsípà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ládùúgbò yín, tó mọ àwọn olóko ìrẹsì Ìgbẹmọ. Ọmọ rẹ̀ kan ń jẹ́ Dáre. Irú ènìyàn wo tilẹ̀ ni?"

Mo tẹ́ etí sílẹ̀. Obìnrin náà fi ọ̀rá bo irú rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ á lọ," ó ní.

"Níbo?"

"Ulé rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ tí ẹ ò ní fi ojú ara yín rí?"

Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé n ó wá ọ̀nà lọ fúnra mi. Ó ti di àpò mi mú. Èmi tí wọ́n rán wá láti máa yọ́ kẹ́lẹ́ yí ìdílé náà ká, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lójú ọ̀sán gangan bí ewúrẹ́ tó sọnù, wọ́n mú mi dé ẹnu ọ̀nà wọn, Ìyá Onírú sì ké láti ìta pé, "Mọ̀mí Dáre! Ẹ ní àlejò o!"

Ilé Àwọn Tíṣà

Obìnrin tó jáde wá tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó gbé awò náà sójú, ó wò mí. Ó yọ ọ́, ó tún wò mí. Mo rò pé ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ ni. Ó wá kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó jù mí lọ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọ ulé."

Mo ní ará Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ìrẹsì ni mo wá rà. Mo ní kí wọ́n sáà júwe hòtẹ́ẹ̀lì tó mọ́ fún mi. Ìgbà yẹn ni bàbá Dáre yọ láti yàrá, ọkùnrin gíga tó dúró bí ẹni tí ọmọ iléèwé tò síwájú rẹ̀.

"Hòtẹ́ẹ̀lì?" ó ní. "Ta ló kú nínú ilé yìí?"

Báyìí ni amí ṣe wọ ilé àwọn tó ń ṣọ́.

Kí n tó bọ́ bàtà tán ni odó ti ń dún lẹ́yìnkùlé. Iyán tí wọ́n gbé wá, bí mo bá fi orí mi ti orí rẹ̀, n kò mọ èyí tí yóò tóbi jù. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà níbẹ̀. Mo ń wo ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ náà, mò ń ronú bí n ó ṣe sọ pé n kì í jẹ ẹran tí n kò mọ ẹni tó dúńbú rẹ̀, ni Ìyá Dáre ti ní, "Ẹran tiyín kọ́ nìyẹn, Alájà." Ó ti ké sí Bàbá Ràmónì, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, pé kó wá fi bisimílà pa adìyẹ fún àlejò òun. Adìyẹ náà ti wà lórí iná.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" mo bi í.

"Ìbòrí yín," ó ní.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò tíì rí Mẹ́kà, àfi nínú fọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Alájà ní Adó. N kò jà á níyàn. Ó dùn mọ́ mi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, òtútù orí òkè náà mú eyín mi gbá ara wọn. Mo jáde láti wá omi àlùwàlá. Bútà tuntun kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, omi gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, bébà tí wọ́n fi dì í lọ́jà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Nínú ilé onígbàgbọ́! Mo kírun tán, mo ń ka tẹ̀súbáà mi, ni agogo àdúrà òwúrọ̀ tiwọn dún ní pálọ̀, Bàbá sì gbé orin sókè pẹ̀lú ohùn tó lè lé ẹyẹ lóko. Èmi ń ka tèmi, wọ́n ń kọ tiwọn. Mo ní Ọlọ́run nìkan ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́ o. Mo ṣọ́ wọn. Mo rí i pé Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ parí kó tó tún un ṣe. Ó tún ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ṣe. Ó tún ti Bàbá Ràmónì ṣe. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, ó la ojú kan, ó ní, "'Ti', kì í ṣe 'sí'." Mo tún rí i pé wọn kò mọ ẹja. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹja níbẹ̀, inú yìnyín ló ti wá, ó ti gbàgbé omi. Mo jẹ ẹ́ nítorí ojú.

Ohun tí n kò fẹ́ kọ sínú ìròyìn mi ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn aládùúgbò wá jókòó. Èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Yorùbá kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta ń gba orí mi kọjá. Obìnrin kan ń sọ ìtàn, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó ń yí ojú, ó ń na ọrùn. Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tó dákẹ́, mo bú sẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Kò sí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Dáre fi ọwọ́ kan orúnkún mi. "Alájà," ó rọra ní, "bàbá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sin ní Sátidé."

Mo wá ilẹ̀ tí n ó wọ̀, kò lanu. Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ náà wò mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Ó ní kò burú, pé olóògbé náà fẹ́ràn ẹ̀rín. Láti ìgbà náà, gbogbo wọn yí sí irú Yorùbá tí mo gbọ́, nítorí tèmi nìkan. Ó ń nira fún wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Mo jókòó láàrin wọn, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Rófíà ni mò ń rí: Rófíà nínú pálọ̀ yìí, ó ń wo ẹnu àwọn ènìyàn, ó ń ronú bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun má rẹ́rìn-ín.

Ìgbẹmọ

Bàbá ní òun fúnra òun ni yóò gbé mi lọ sí Ìgbẹmọ lọ ra ìrẹsì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ èrò. Ó ní kí ni mo ń sọ. Bí irọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn: ìwọ á bí i ní kékeré, àwọn olóore á sì bá ọ tọ́ ọ dàgbà.

A ti jáde nínú Adó, oko ń bẹ lọ́tùn-ún lósì, kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Alájà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Àjèjì ni yín, ẹ ò mọ̀ wá rí, ẹ ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

"Mo ń gbọ́, Bàbá."

"Ọmọ mi fẹ́ mú ìyàwó wálé láti Ẹ̀pẹ́."

Mo di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. "Ẹ̀pẹ́?"

"Ẹ̀pẹ́. Àwọn ẹlẹ́ja. Wọ́n ní bí ọmọ rẹ bá ti fẹ́ ọmọ wọn, omi ti gbé e lọ nìyẹn. Kí ọdún tó yí po, Dáre yóò ti máa jẹ́ Làsísì. Wọ́n tún ní ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà kan wà, obìnrin, tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ní ọkùnrin ilé náà ò tó nǹkan níwájú rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ohùn mi ti lọ sókè.

"Dáre ni. Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ó ní ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun ni."

Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún un jọ nígbà tó dín eré mọ́tò kù.

"Ẹ̀gbọ́n Dáre wà ní Kánádà," ó ní. "Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó. Ó ti bí ọmọ. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, àwọn ọmọ náà á máa sọ̀rọ̀ láti imú, n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi! Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó yá, wọn ò wá sídìí fóònù mọ́. Dáre nìkan ló kù mí kù. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọmọbìnrin náà o, n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí èyí náà bá lọ, ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ tí n ó gbọ́? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n kọ̀, àbí kí n gbà?"

A ti dé etí oko. Ó pa mọ́tò. Àwọn obìnrin ń lé ẹyẹ nínú ìrẹsì tó ti ń pọ́n, ohùn wọn ń lọ, ó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo ibi tí Ọlọ́run bá mi dé. Ohun tí mo ti ọ̀nà jíjìn wá wá, ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Gbólóhùn kan ló kù. Kí n sáà ní, "Bàbá, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ yẹn, ẹ má dán an wò." Yóò kọ̀. Rófíà yóò sunkún, ẹkún náà yóò tán, yóò dúró tì mí. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láé. Mo la ẹnu.

Ojú rẹ̀ ni mo rí tí mo fi pa á dé. Ó ń wò mí bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò. Mo mọ ojú yẹn. Ó ti ń wò mí láti inú dígí yàrá mi láti ọjọ́ tí Dáre ti kọ́kọ́ wọ ilé wa.

"Bàbá," mo ní, "ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà, èyí tí ẹnu rẹ̀ mú yẹn."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Òun ló jókòó tì yín yìí."

Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yí mọ́tò náà po. Ó wo ìrẹsì, ó wo ojú ọ̀run, ó padà wá sí fèrèsé mi.

"Ìjẹ̀bú-Òde lẹ sọ."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ìrẹsì ńkọ́?"

"Irọ́ ni."

"Ẹ wá fi irọ́ sẹ́nu, ẹ ń fi jẹ iyán mi!"

"Ẹ̀yin náà bú mi láti Adó dé Ìgbẹmọ, mò ń dáhùn pé, 'Mo ń gbọ́, Bàbá.'"

"N kò bú yín. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ."

"Ohun tí èmi náà gbọ́ nípa yín ni pé bí ẹ bá ti ní bẹ́ẹ̀kọ́, àpáta Ìkẹ́rẹ́ yóò sún kí ẹ tó sún."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dáre ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe tọ́ Rófíà, bí mo ṣe wá àbùkù wá. Mo ní, "Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ṣé ẹ rò pé inú rẹ̀ dùn? Ó na ọrùn bí àkùkọ. "Ẹ ò fẹ́? Kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Kí ló ṣe ọmọ tèmi tí ẹ̀yin fẹ́ kọ̀?"

"Dáre kì í mutí! Kì í purọ́! Láti kékeré ló ti ń fọ aṣọ ara rẹ̀!"

"Rófíà kò rí àgbàlagbà tó ru ẹrù rí kó má gbà á! Ẹ lọ bi gbogbo Ẹ̀pẹ́!"

Bí a ṣe dúró létí oko ìrẹsì nìyẹn, àgbà méjì tí kò fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ra, à ń fi ariwo polówó wọn fún ara wa. Àwọn obìnrin tó ń lé ẹyẹ fi ẹyẹ sílẹ̀, wọ́n wá là wá. Ọ̀kan nínú wọn, ìbátan Bàbá, bi í pé kí ni ìjà náà dá lé.

Mo ní ká máa lọ. Ó ní rárá. Ó ní kí obìnrin náà lọ gbé àpò ìrẹsì kan wá láti inú abà. Ó kọjú sí mi. "Ẹ sọ fún gbogbo àdúgbò mi pé ìrẹsì lẹ wá rà. Ẹ ó rà á. Àlejò mi kò ní di òpùrọ́ lójú wọn."

Ohun Tí Ìyá Dáre Ti Mọ̀

Ìyá Dáre ń gé ilá nígbà tí a wọlé. Bàbá dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni mú olè wálé.

"Ṣé o mọ ẹni tí à ń gún iyán fún láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá Rófíà ni," ó ní. Kò gbé ojú kúrò lára ilá.

Èmi àti Bàbá wo ara wa.

"Láti ìgbà tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti mọ̀. Dáre ti fi fọ́tò wọn hàn mí."

"O ò sì sọ fún mi!"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó wọ agbádá, ẹ ó máa sọ gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kó rí wa bí a ṣe wà." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ má bínú sí mi, Alájà. Èmi náà ṣọ́ yín díẹ̀. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ràn ọmọ kò lè jẹ iyán tó tó báyìí nítorí rẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní èéfín ni. Kò sí iná nínú ilé ìdáná lásìkò náà.

Mo jókòó tì í, mo gba ọ̀bẹ, mo ń bá a gé ilá. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ohun tí Rófíà kì í jẹ ló bi mí. Mo ní kì í jẹ ìgbín. Ó ní ó dáa, òun náà kì í jẹ ẹ́. Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo rẹ́rìn-ín níbi ọ̀fọ̀.

"Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, tí kò gbọ́, ta ni yóò máa sọ fún un?"

"Èmi ni," ó ní. "Títí yóò fi gbọ́. Bó bá ti gbọ́ tán, òun ni yóò máa fi wá rẹ́rìn-ín."

Bàbá kò gbà o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mìíràn mọ́ ọn. Ó ní òun yóò wá wo Ẹ̀pẹ́ fúnra òun kí òun tó sọ ohunkóhun. Ó ní òun kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹja ni òun wá rà.

Ilé

Múfú kò jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àbùkù wo lo rí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Bàbá wọn máa ń tún ọ̀rọ̀ ènìyàn ṣe."

"Kí ló tún kù?"

"Ẹja wọn kò dára."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" Ó wo àpò ìrẹsì tí mo rù wálé, ó mi orí. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ, ẹ̀yin náà sì bá a gbé e kiri ìlú.

Rófíà dì mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ gbà?" Mo ní n kò tíì gbà. Òótọ́ ni. N kò fẹ́ kó lọ nígbà náà, n kò fẹ́ kó lọ títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kí n tó rìn, àwọn kan ń bọ̀ wá gba ọmọ mi. Ní báyìí, Ìyá Dáre ni, tó ra bútà fún mi láìbéèrè. Ó ṣòro láti kórìíra irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá àti Ìyá Dáre wá. Ẹ rí bí Bàbá ṣe jìnnà sétí omi, tó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ wò níbẹ̀. Ohun tí ẹ kò rí ni èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ Múfú nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Múfú fẹ́ fi hàn wọ́n pé a ní ẹja. Ẹpìyà odidi ló gbé síwájú ọkùnrin náà, tuntun láti inú odò, tó kún fún egungun bí abẹ́rẹ́. Bàbá bù ú bí wọ́n ṣe ń bu ẹran, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú níwájú àna. Múfú ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹun dáadáa.

Mo dìde, mo lọ jókòó tì í. Mo fún un ní bébà láti fi nu ẹnu, mo fi ara bò ó lójú àwọn tó kù títí ó fi rí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tu sínú rẹ̀. Mo wá fa àwo rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yọ egungun, mo ń kó ẹran ẹja náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó jẹ díẹ̀, ó tún jẹ díẹ̀.

Ó tẹ orí sọ́dọ̀ mi, ó rọra bi mí pé, "Ṣé Rófíà mọ̀ ọ́n yọ báyìí?"

"Ó mọ̀ ọ́n yọ jù mí lọ."

Ó jẹ gbogbo ohun tó wà nínú àwo náà tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Òun ni yóò máa bá mi yọ ọ́ ní Adó."

Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́. Múfú ṣì ń sọ̀rọ̀, Ìyá Dáre ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú Rófíà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo mú ẹja kejì, mo tẹjú mọ́ ọn, mo ń yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.